Àwọ̀ Ewé Kì Í Ṣe Ewé

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yà sílé ọba, kò yà sílé ìjòyè, ó lọ fìdí kalẹ̀ sínú ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú Ìdí-Afọ̀n. Ó dá lórí Alágẹmọ, ó dá lórí Tíṣà Adìẹ, ó dá lórí ewé kan tí wọ́n já.

Akínkúnmi, kí n tó máa bá a lọ, ta ló ju ọ̀rá píọ́wọ́tà sí ìdí ìkòkò omi mi yẹn?

— Èmi kọ́, Ìyá Àgbà. Atẹ́gùn ló gbé e wá.

Atẹ́gùn. Atẹ́gùn náà ló fi eyín já etí rẹ̀, tó fa omi inú rẹ̀ mu. Ó dáa, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kí òun náà gbọ́ ààlọ́.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko ń kọ́ ọmọ ènìyàn níwèé, tí ọmọ ènìyàn àti ọmọ adìẹ jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọ̀gá ilé-ìwé Ìdí-Afọ̀n darúgbó, ó fẹ̀yìn tì. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn. Wọ́n wá títí, wọ́n mú Alágẹmọ.

Ẹ má bi mí pé kí ló mọ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju kí ó pa àwọ̀ dà lọ. Bó bá dúró níwájú baálẹ̀ tó wọ aṣọ pupa, á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Bó bá dúró níwájú ìyálóde tó ró aṣọ aró, á dú bí aró. Kálukú ń wò ó, kálukú ń sọ pé, "Ẹ ò rí i, tiwa ni." Bí ọ̀gà ṣe di ọ̀gá nìyẹn.

— Ìyá Àgbà, ọ̀gà ni àbí ọ̀gá?

Ṣẹ́gilọlá, etí rẹ dáa. Ọ̀gà ni àwọn bàbá wa ń pe Alágẹmọ. Ọ̀gá ni wọ́n fi í jẹ. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì, ohùn tó gòkè yẹn náà sì ni gbogbo ohun tó fi ju ara rẹ̀ àtijọ́ lọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀gà mà di ọ̀gá o,
— Àwọ̀ lásán.
Ó rí pupa, ó pọ́n,
— Àwọ̀ lásán.
Ó rí dúdú, ó dú,
— Àwọ̀ lásán.
Ẹ bi í léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀,
— Àwọ̀ lásán.

Ẹ fi sọ́kàn pé nígbà yẹn, ẹsẹ̀ Alágẹmọ yá. Ó máa ń sáré ju aláǹgbá lọ. Ẹ má gbàgbé rẹ̀, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tuntun yìí ṣe ni pé ó ní kí wọ́n gé gbogbo igi afọ̀n tó yí ilé-ìwé ká. Wọ́n ní kí ló dé, ó ní ewé wọn ń já bọ́ sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ìlú ń jẹ́ Ìdí-Afọ̀n, kò sì sí igi afọ̀n kan tí èèyàn lè jókòó sí ìdí rẹ̀ mọ́. Ó tún ní kí wọ́n máa fa gbogbo koríko tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ ń gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi pá, tó ń dán bí orí bàbá àgbà.

— Ṣé ilẹ̀ mímọ́ kò dáa ni, Ìyá Àgbà?

Ilẹ̀ mímọ́ dáa. Ilẹ̀ pípá ni mo ń wí. Nígbà tí òjò dé, kò rí igi tí yóò bi í pé níbo lò ń lọ, kò rí koríko tí yóò dì í lẹ́sẹ̀ mú. Ó kàn ń sáré bọ̀ láti ẹnu géètì, ó ń gba ẹ̀yìn ilé-ìwé kọjá, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Kó tó pẹ́, kòtò ti là lẹ́yìn ilé-ìwé. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní Ìdí-Afọ̀n, onílé gbà fún un. Ó tilẹ̀ bá a gbálẹ̀ ọ̀nà tó máa gbà.

Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ló sún mọ́ kòtò yẹn jù. Tíṣà Adìẹ ló ń kọ́ wọn. Bí òjò bá ti ṣú, Adìẹ á kó gbogbo wọn mọ́ra, ọmọ ènìyàn lábẹ́ ìyẹ́ ọ̀tún, ọmọ adìẹ lábẹ́ ìyẹ́ òsì, á máa kọrin kíkankíkan kí wọ́n má bàa gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń ya lulẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ń gbọ́ ọ náà. Ọmọdé gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn ń kásẹ̀ nílẹ̀, Erin dé. Ìyá Erin ni alábẹ̀wò ilé-ìwé, gbogbo ilé-ìwé àgbègbè náà ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ pípá, ó wo kòtò, ó wo ògiri Tíṣà Adìẹ tó ti ń sán. Ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá ilé-ìwé, mi ò fẹ́ràn ohun tí mo rí yìí. Mo fẹ́ kí ilé-ìwé yìí di aláwọ̀ ewé kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Bí mo bá padà wá tí kò rí bẹ́ẹ̀, màá tì í pa, àwọn ọmọ yóò sì máa sọdá odò lọ kàwé ní ìlú kejì."

Ẹ mọ odò tó ń wí. Odò tí Ọ̀nì ń gbé ni. Tíṣà Adìẹ wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kéré tó, ó kó wọn mọ́ra.

Erin ní, "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe é dáadáa, èmi fúnra mi ni màá jáwé olúborí lé ẹni tó ṣe é lórí. Ẹ sì mọ àṣà wa. A kì í gbé ewé yẹn bọ̀ láti ilé. Lára igi tí ẹ bá gbìn sínú ọgbà yín níbí ni mo ti máa já a."

Alágẹmọ ń mi orí, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Ara rẹ̀ ti ń di eérú bí ara Erin bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí Erin wí, ohun méjì ló wọ̀ ọ́ létí: olúborí, àti aláwọ̀ ewé.

Bí Erin ṣe lọ tán, Alágẹmọ pe àwọn tíṣà jọ. Tíṣà Adìẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, gbòǹgbò ni kòtò yẹn ń fẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbin akòko àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí etí rẹ̀, ká gbin koóko sáàárín wọn. Ká yé fa koríko tu. Ká dá ààtàn sẹ́yìn kíláàsì, kí èèpo iṣu àti ewé tí àwọn ọmọ ń gbá máa jẹrà síbẹ̀, òun la ó máa fi bọ́ ilẹ̀. Ọ̀rá ní tirẹ̀ kì í jẹrà, ká máa kó o lọ́tọ̀."

Ẹ mọ̀ pé ojú Alágẹmọ kì í wo ibì kan náà. Ó fi ọ̀kan wo Adìẹ, ó fi ìkejì wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Ó ní, "Ààtàn. Tíṣà Adìẹ, orí ààtàn lẹ ti ń jẹun láti kékeré, ẹ wá fẹ́ gbé e wọ ilé-ìwé mi. Kí ni alábẹ̀wò sọ? Ó ní aláwọ̀ ewé. Ṣé ewé ló ní ká mú wá? Àwọ̀ ló ní. Ta ló tún wá mọ̀ nípa àwọ̀ jù mí lọ láyé yìí?"

Àwọn tíṣà yòókù pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rírùn ni, wọ́n ṣáà pàtẹ́wọ́.

— Àwọn náà burú, Ìyá Àgbà.

Wọ́n burú. Wọ́n pọ̀ láyé títí di òní.

Ọ̀dà wọlé, garawa lórí garawa. Wọ́n kun ògiri ní àwọ̀ ewé. Wọ́n kun bẹ́ǹṣì, wọ́n kun agogo ilé-ìwé, wọ́n kun kùkùté igi afọ̀n tí wọ́n gé. Wọ́n kun òkúta, wọ́n tò ó sójú ọ̀nà. Wọ́n kun ìwo Ewúrẹ́ tó ń ṣọ́ géètì.

Ewúrẹ́ ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ń kun èmi fún?"

Alágẹmọ ní, "Ṣé ìwọ ò fẹ́ kí ilé-ìwé wa jáwé olúborí ni? Dúró jẹ́ẹ́."

Ewúrẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tó dọ̀sán, ebi ń pa á, ó rí òkúta aláwọ̀ ewé lójú ọ̀nà, ó rò pé ewé ni, ó gé e jẹ. Eyín rẹ̀ kán. Ewúrẹ́ tó mọ ewé ju gbogbo yín lọ, ẹ wo ohun tí wọ́n fi í ṣe.

Ẹ má rẹ́rìn-ín tán, ó kù. Alágẹmọ dá ọjọ́ kan, ó pè é ní Ọjọ́ Igi-Gbígbìn. Ó wé lawàní, ó ní kí ìlú wá wòran. Ó ní kí wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ láti oko, kí wọ́n máa gún un mọ́lẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó gún ti àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ó dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn.

Tíṣà Adìẹ rọra sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ọ̀gá, imọ̀ ọ̀pẹ kò ní gbòǹgbò."

Ó ní, "Ṣé gbòǹgbò ni àlejò máa wò?"

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, imọ̀ ti gbẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Alágẹmọ wò ó, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀dà wá. Wọ́n kun imọ̀ gbígbẹ. Èmi Àwẹ̀ró tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti rí arúgbó tó ń fi aró kun irun kí wọ́n lè pè é lọ́mọdé, n ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń kun òkú imọ̀ kí wọ́n lè pè é nígi.

Ó kun imọ̀ gbígbẹ o,
— Àwọ̀ lásán.
Ó kun òkúta ojú ọ̀nà,
— Àwọ̀ lásán.
Eyín Ewúrẹ́ kán síbẹ̀,
— Àwọ̀ lásán.

Tíṣà Adìẹ ń kọ́? Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Nígbà eré-ọ̀sán, tí àwọn kíláàsì yòókù bá ń gbé ọ̀dà kiri, Adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ á yọ́ bọ́ sẹ́yìn. Òun á fi èékánná tú ilẹ̀, àwọn ọmọ á ri igi akòko bọlẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, wọ́n á fi koóko dí àárín. Omi tí wọ́n fi fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀pà, ewé gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ń lọ sórí ààtàn.

Lọ́jọ́ kan, Alágẹmọ gbọ́ òórùn ààtàn. Ó sáré dé ibẹ̀, ó pọ́n bí ata.

Ó ní, "Tíṣà Adìẹ, mo ní mi ò fẹ́ ẹ. Bí Erin bá gbọ́ òórùn yìí ńkọ́?"

Adìẹ kúnlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Nítorí àwọn ọmọ ni. Bí ògiri yẹn bá wó, orí wọn ló máa wó lé. Bí wọ́n bá sì ti ilé-ìwé, ẹ̀yin náà mọ odò tí wọ́n máa sọdá."

Alágẹmọ ní kí wọ́n kó ààtàn dànù kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Adìẹ ò jiyàn. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó o lóòótọ́, wọ́n sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí ìdí akòko àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe rí oúnjẹ jẹ.

Ọ̀gá tó kórìíra ààtàn yìí, ẹ wá wo tirẹ̀. Gbogbo ọ̀rá tí wọ́n ń gbá nínú ọgbà, ọ̀rá píọ́wọ́tà, ọ̀rá bísíkíìtì, ẹ̀yìn ọ́fíìsì rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa rọ́ ọ sí, sínú kòtò àgbàrá. Nígbà tó kún dé ẹnu, ó tẹ́ imọ̀ lé e lórí, ó kun imọ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó ní pápá koríko òun nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ ẹ́.

— Akínkúnmi, o gbọ́ ti ọ̀rá?

Ṣẹ́gilọlá, fi í sílẹ̀. Ọ̀rá fúnra rẹ̀ máa bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ pé, Erin padà wá. Àwọsánmà òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Alágẹmọ lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, àwọ̀ ewé látorí dé ìrù, kò tilẹ̀ hàn mọ́ lára ògiri, ohùn rẹ̀ nìkan ni Erin ń gbọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ wo òkè, ẹ wo ilẹ̀. Ilé-ìwé aláwọ̀ ewé rèé."

Inú Erin dùn. Láti ọ̀nà jíjìn, nǹkan náà dára lójú. Ó ní, "Ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ gbìyànjú. Ẹ tẹ orí yín wá kí n já ewé lé e."

Alágẹmọ tẹrí. Ó ti di ojú. Erin na ọwọ́ ìjà rẹ̀, imú gígùn yẹn, sí igi àkọ́kọ́, ó já ewé. Ewé náà rún wómúwómú. Ó na ọwọ́ sí èkejì, òun náà rún. Ó wo ọwọ́ ìjà rẹ̀, ọ̀dà ni.

Ó ní, "Ibo ni ewé wà níbí?"

Gbogbo tíṣà ń wo ilẹ̀. Òròmọdìẹ kan láti kíláàsì kékeré ló dáhùn, ọmọ tí wọn ò tíì kọ́ ní ìbẹ̀rù ọ̀gá.

Ó ní, "Mà, àwọ̀ ló wà níbí. Ewé wà lẹ́yìn."

Alágẹmọ ní, "Mà, ẹ má dá ọmọdé lóhùn. Ẹ̀yin lẹ ní aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ lẹ bèèrè, àwọ̀ ni mo ṣe."

Kí Erin tó fèsì, òjò dé. Kì í ṣe èyí tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbàrá gba ẹnu géètì wọlé bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé imọ̀ ọlọ́dà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ń sáré lọ sẹ́yìn. Tíṣà Adìẹ ké sí gbogbo ilé-ìwé, ó ní, "Ẹ máa bọ̀ ní kíláàsì mi, ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bọ̀." Erin tẹ̀ lé wọn, àwọn tíṣà tẹ̀ lé e, wọ́n há mọ́ ara wọn níbẹ̀.

Alágẹmọ nìkan ló kọ̀. Ó ní kí òun, ọ̀gá odindi, lọ sá sábẹ́ ìyẹ́ adìẹ? Ó mú eré, ó forí lé ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni orí pápá koríko rẹ̀. Òun tó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, òun ló tẹ̀ ẹ́.

Gbìì.

— Ó ti jìn!

Ó jìn sínú ọ̀rá. Ọ̀rá ti dí ojú omi, omi ń wá ọ̀nà, kò rí ọ̀nà, ó yà, ó gba ìdí ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì tí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀mejì ló kọ́kọ́ lọ, tòun ti dígí rẹ̀.

Lẹ́yìn kíláàsì kékeré ńkọ́? Omi dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ó pàdé koóko, koóko tẹ̀ ba, kò fà tu. Ó pàdé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mì, kò wó. Ó wá rí i pé àwọn wọ̀nyí ò ní gbà fún òun, ó rọra ń ṣàn lọ. Tíṣà Adìẹ ti gbé etí lé ògiri. Nígbà tó gbọ́ pé ilẹ̀ kò ya mọ́, ó sunkún. Àwọn ọmọ ń bi í pé, "Tíṣà, ta ló nà yín?"

Òjò dá. Erin fi ọwọ́ ìjà fa Alágẹmọ jáde. Ọ̀rá bísíkíìtì wé e lọ́rùn, ọ̀rá píọ́wọ́tà dé e lórí. Ó gbìyànjú kó pa àwọ̀ dà. Ohun tó wà nítòsí ló wọ̀: ó di àwọ̀ pàǹtírí.

Erin bọ́ sẹ́yìn kíláàsì, ó na ọwọ́ sí akòko tó ti rúwé, ó já ewé tútù kan, oje rẹ̀ ń kán. Ó fi lé Tíṣà Adìẹ lórí. Ó já òmíràn, ó ń fi lé àwọn ọmọ lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan òròmọdìẹ tí ewé bò mọ́lẹ̀ tán.

Ó ní, "Ilé-ìwé yìí ò ní tì. Kò sí ọmọ tó máa sọdá odò. Tíṣà Adìẹ, ẹ̀yin ni ọ̀gá láti òní lọ."

Alágẹmọ ní, "Èmi ńkọ́, Mà?"

Erin ní, "Ìwọ? Ọ̀gà ni ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ohùn tó gòkè lórí orúkọ rẹ̀ já bọ́ sínú kòtò lọ́jọ́ yẹn, títí di òní kò rí i he.

Látìgbà náà ni Alágẹmọ kò ti lè sáré mọ́. Bó bá gbé ẹsẹ̀, á mì í síwájú, á mì í sẹ́yìn, á bi ilẹ̀ léèrè pé, ṣé o ò ní já? Ẹ̀ka igi tó le bí irin, á tún bi í. Ẹni tó bá ti kun òfìfo pè é ní ilẹ̀, ilẹ̀ gidi á máa bà á lẹ́rù.

Ẹ̀kọ́ inú ààlọ́ mi kò ṣòroó rí. Ẹni tó bá fẹ́ tún ilẹ̀ ṣe, kó gbin ohun tó ní gbòǹgbò, kó má ṣe bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ nítorí àlejò. Àlejò máa lọ, ìwọ lo máa gbébẹ̀ nígbà tí òjò bá dé.

Ìdí ààlọ́ mi rèé. Bí mo bá parọ́ fún yín, ẹ lọ wá Alágẹmọ lórí ẹ̀ka. Bí ẹ bá bá a tó ń sáré, ẹ padà wá fi mí ṣẹ̀sín. Bó bá sì ń mì dìrọ̀dìrọ̀, ẹ kí i fún mi, ẹ ní Àwẹ̀ró ní kó máa rọra.

Akínkúnmi, níbo lò ń lọ?

— Ìyá Àgbà, mo fẹ́ ṣa ọ̀rá yẹn.

Ṣebí atẹ́gùn ló gbé e wá?

— Atẹ́gùn ò ní ọwọ́ tó máa fi ṣà á, Mà.